Ohun Tí A Kò Kọ Sílẹ̀, A Kò Lè Béèrè Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ṣàngó Toll Gate

A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti náìtì bọ̀ tààrà, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. A kò ní fi ọ̀rọ̀ gígùn dá yín lágara.

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni a fẹ́ sọ. Láti ọdún 2004 ni ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé owó ibodè lójú títì, a kò san owó ní Toll Gate yìí mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu wa. Ojú wa níhìn-ín ni àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì ń gbà kọjá lọ sí Èkó. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí ni Ewékorò wà, tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti ọdún 1960. Ibẹ̀ náà ni Ìbèṣè wà, tí wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọdún 2012. Àwa ni a ń wa sìmẹ́ǹtì náà, àwa ni a ń jà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n sísún mọ́ sìmẹ́ǹtì nìkan kì í mú ilé lágbára.

Nǹkan méjì ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Èkíní, púpọ̀ nínú wa ti ra ilẹ̀ sí Ìjòkó, sí Àtàn, sí Ìfọ̀ àti sí Ìyànà Ìyesí. Owó tí a yá lọ́wọ́ kọ́pù ni a fi ń kọ́lé níbẹ̀, yàrá kan lọ́dún yìí, yàrá kan lọ́dún tó ń bọ̀. Èkejì, ẹ̀ka wa ti pinnu láti kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé tirẹ̀. Owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù wa ni a ó fi kọ́ ọ. Bí ilé náà bá là lẹ́yìn ọdún méjì, ta ni a ó mú? Kí ni a ó sì fi mú un?

Ìdáhùn wa kúrú. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀, a kò lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Iṣẹ́ dáadáa" kò ní ìwọ̀n

Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún kọ̀ǹgílá, kí ni ẹ máa ń wí? Ẹ ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, iṣẹ́ dáadáa ni mo fẹ́ o." Kọ̀ǹgílá náà á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀." Ẹ bọ ara yín lọ́wọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dáadáa lójú yín lè máà jẹ́ ohun tí ó dáadáa lójú rẹ̀. Nígbà tí ìjà bá dé, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jàre, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tí ẹ jọ sọ.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe níbi iṣẹ́ wa. Nínú ilé iṣẹ́, kò sí ọ̀gá tó máa wí fún wa pé kí a ṣe ọṣẹ "dáadáa" tàbí kí a ṣe ike "tó nípọn." Ìwé wà lára ẹ̀rọ. Ìwé náà sọ iye gíráàmù, ó sọ bí ooru ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ tó, ó sọ iye ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń yẹ ọjà wò máa mú òṣùwọ̀n rẹ̀ wá. Èyí tí kò bá pé, ó yà á sọ́tọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin kì í kúrò ní géètì láìgba wéébìlì. Wéébìlì sọ iye àpò, ó sọ irú ọjà, ó sọ ibi tí ẹ ń lọ. Bí àpò kan bá dín, ìwé ni a ó fi bi yín. Bí kò bá dín, ìwé kan náà ni yóò gbà yín sílẹ̀.

Àwa tí a fi ìwé ṣe ọṣẹ, tí a fi ìwé gbé bísíkíìtì, kí ló dé tí a fi ẹnu lásán kọ́ ilé tí ọmọ wa yóò sùn sínú rẹ̀?

Ìwé tí a ń sọ yìí ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní "spec." Àwa yóò máa pè é ní ìwé òdiwọ̀n. Kì í ṣe àwòrán ilé. Àwòrán sọ ibi tí ògiri wà àti bí yàrá ṣe fẹ̀ tó. Kì í sì í ṣe ìwé iye owó. Ìyẹn sọ iye búlọ́ọ̀kù àti iye tí wọn yóò ná wa. Ìwé òdiwọ̀n ló ń sọ irú búlọ́ọ̀kù wo, irú sìmẹ́ǹtì wo, bí a ó ṣe pò ó, ọjọ́ mélòó ni a ó fi bomi rin ín, àti bí a ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gbà á. Òfin ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè wa, èyí tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2006, ka ìwé òdiwọ̀n mọ́ ara àwọn ìwé tó yẹ kí iṣẹ́ ilé ní, pẹ̀lú àwòrán àti ìwé iye ohun èlò. Nítorí náà kì í ṣe àṣejù ni a ń béèrè.

Ìwé òdiwọ̀n ni toll gate ilé. Gbogbo ohun èlò tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú ìwé náà

Ẹ jẹ́ kí a mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun mẹ́rin ni a ó sọ, nítorí ibi mẹ́rin yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù.

Àkọ́kọ́ ni sìmẹ́ǹtì. Bí ẹ bá wo ara àpò, ẹ ó rí nọ́ńbà kan: 32.5 tàbí 42.5. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe iye kílò, nítorí kílò 50 ni àpò kọ̀ọ̀kan. Agbára sìmẹ́ǹtì ni, bí ó ti rí lẹ́yìn ọjọ́ 28 tí a bá pò ó ní ìlànà tí wọ́n fi ń dán an wò. Ní ọdún 2014, nígbà tí ariwo ilé tó ń wó pọ̀ jù, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òdiwọ̀n ọjà, SON, kéde pé ìrẹ́giri nìkan ni kí a máa fi 32.5 ṣe, pé 42.5 ni kí a máa fi ṣe búlọ́ọ̀kù, òpó àti dẹ́kìn. Nítorí náà, ẹ má kọ "sìmẹ́ǹtì tó dára" sínú ìwé yín. Ẹ kọ "42.5." Ẹ tún kọ pé a kò gba àpò tó ti dì tàbí èyí tó ti lé ní oṣù mẹ́ta. Ọmọdé tó bá ti mọ nọ́ńbà lè dúró ní ẹnu ọ̀nà kó yẹ ìyẹn wò.

Ìkejì ni búlọ́ọ̀kù. SON ní ìwé òdiwọ̀n tirẹ̀ fún búlọ́ọ̀kù, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni NIS 87. Ìpò tí àwọn onímọ̀ fara mọ́ ni sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n kan kí ni, mẹ́jọ kí ni? Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Bárò kan kún bámúbámú, bárò mìíràn ṣe òkìtì gègèrè. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan àpótí pákó kan tí inú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 12 ní gígùn, íǹṣì 12 ní ìbú, àti íǹṣì 15 ní gíga. Àpò sìmẹ́ǹtì kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un gẹ́lẹ́. Àpótí yìí kan náà ni kí a fi wọn yanrìn, ní ìgbà mẹ́jọ, kí a sì gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé a ó máa bomi rin búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a kò sì ní gbé e lọ sórí ògiri ní ọjọ́ kejì tí a ṣe é. Búlọ́ọ̀kù tí oòrùn fà gbẹ kíákíá kì í le. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń dára.

Ìkẹta ni irin. Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa níbí, nítorí ìṣirò ni. Ọ̀pá irin kan jẹ́ mítà 12 ní gígùn. Bí irin náà bá jẹ́ mìlímítà 12 ní tòótọ́, ọ̀pá kan yóò wọ̀n tó kílò 10 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, nǹkan bí ọ̀pá 94 ni yóò sì wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Irin mìlímítà 16 jẹ́ bí kílò 19 ní ọ̀pá kan, bí ọ̀pá 53 sì ni tọ́ọ̀nù. Irin mìlímítà 10 jẹ́ bí ọ̀pá 135 ní tọ́ọ̀nù. Tí ẹ bá wá ra tọ́ọ̀nù irin tí wọ́n pè ní 12, tí ẹ kà á tí ó jẹ́ 122, ẹ má rò pé ọlọ́jà ṣe yín ní èènì. Irin mìlímítà 10 àti ààbọ̀ ni wọ́n tà fún yín. Èyí tó sì burú jù ni pé kí ẹ máà rà á ní tọ́ọ̀nù rárá, kí ẹ rà á ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin irin yín ti sọnù, ojú lásán kò sì lè rí i. Nítorí náà ẹ kọ ọ́: "irin mìlímítà 12, tí mítà kan rẹ̀ wọ̀n tó kílò 0.88." Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ irin ní agbègbè wa ló mọ bí a ti ń fi kálípà wọn irin. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n wá bá yín wọ̀n ọ́n.

Ìkẹrin ni kọnkéré. Fún iṣẹ́ kékeré, sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin ni gbogbo ayé mọ̀. Àpótí íǹṣì 12 yẹn náà ni kí a fi wọ̀n ọ́n. Fún ilé tó ní òkè, ẹnjiníà ni yóò kọ nọ́ńbà agbára rẹ̀, bíi 20 tàbí 25. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé bí kọnkéré bá ti le jù fún ṣọ́bìrì ni ẹnì kan yóò kàn gbé omi dà sí i. Omi àpọ̀jù a máa sọ kọnkéré di ìyẹ̀fun. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bísíkíìtì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ irin, kí kọnkéré lè bo irin, nítorí irin tí afẹ́fẹ́ àti omi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò dípẹtà. Ẹ kọ ọ́ pé a ó bomi rin ín fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ẹ tún kọ ọ́ pé ní ọjọ́ tí a bá ń da dẹ́kìn, a ó bu nínú kọnkéré náà sínú móòdù mìlímítà 150, a ó sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ wò lẹ́yìn ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28. Ohun tí ẹ̀rọ náà bá sọ, kò sí kọ̀ǹgílá tó lè fi ẹnu já a nírọ́.

Ilé tí a fi itọ́ mọ

Àwọn baba wa ní, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀. Ó lé ní 40 ènìyàn tó kú. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ bí tiwa, tí wọ́n jáde láàárọ̀ láti lọ wá oúnjẹ òòjọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìwé ìròyìn gbé lẹ́tà kan jáde. Láti oṣù kejì ọdún 2020 ni àwọn ẹnjiníà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ti kọ lẹ́tà pé àwọn fi í sílẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá tilẹ̀ máa fọwọ́ sọ̀yà fún apá tí wọ́n ti kọ́, àfi bí kọnkéré rẹ̀ bá dé ìwọ̀n agbára tí a kọ sílẹ̀, nítorí àwọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ rò ó wò. Ìwé wà, òdiwọ̀n wà nínú rẹ̀. Ìwé nìkan kò tó. Bí a bá kọ ọ́ tí a kò yẹ̀ ẹ́ wò, a dà bí awakọ̀ tó gba wéébìlì tí kò ka ẹrù. Nítorí náà, gbogbo ìlà tí a bá kọ gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sí ilé tí a ń sùn. Ó kan ilé tí a ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a wo orílẹ̀-èdè Bangladesh. Ilé alájà mẹ́jọ kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Rana Plaza, tí ilé iṣẹ́ aránṣọ márùn-ún wà nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ ọ fún, kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá. Wọ́n fi àjà kún un láìgba àṣẹ, wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sókè tó ń gbọ̀n ilé náà jìgìjìgì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, ògiri là. Báńkì àti àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọn. Àwọn aránṣọ ni wọ́n ní kí wọ́n padà wá ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì fi owó oṣù dẹ́rù bà wọ́n. Ní ọjọ́ 24, ilé náà wó. Ènìyàn 1,134 ló kú.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri ti lanu, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti rí i. Ohun tí wọn kò ní ni ìwé tí wọ́n lè nà sókè pé: "Ohun tí ilé yìí lè gbé nìyí, ẹrù tí ẹ gbé lé e sì nìyẹn." Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àgbáyé méjì, IndustriALL àti UNI, mú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ra aṣọ láti ibẹ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí òfin dì mú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹnjiníà yẹ ilé iṣẹ́ tó lé ní 1,000 wò. Ìwé ni wọ́n fi ja ìjà náà, kì í ṣe òkò.

Àwa náà ní ìbéèrè láti bi níhìn-ín ní Ọ̀tà. Nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tuntun lọ sí àjà òkè ilé iṣẹ́ wa, tàbí tí wọ́n bá kó ọjà jọ gègèrè lórí dẹ́kìn, ṣé ìwé wà tó sọ ìwọ̀n ẹrù tí ibẹ̀ lè gbé? Ẹ jẹ́ kí àwọn aṣojú wa nínú ìgbìmọ̀ ààbò béèrè rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Ṣé a kò ní fi èyí bí àwọn oníṣẹ́ nínú?

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní bíríkìlà wa jẹ́ ẹni wa, bí a bá gbé ìwé síwájú rẹ̀, á ní a kò fọkàn tán òun. Ẹ̀yin ará, bíríkìlà náà òṣìṣẹ́ ni bí tiwa. Bí ilé bá là, orí rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá a lé, àní nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kó sìmẹ́ǹtì tó ti dì wá fún un tó sì ní kó fi ṣiṣẹ́. Ìwé yìí yóò gbà á sílẹ̀. Yóò lè wí pé: "Ọ̀gá, 42.5 ni ìwé wí, èyí kọ́ nìyí." Bí kò bá mọ̀wé, ẹ kà á fún un ní Yorùbá kí ó tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ìwé tí kò yé e rẹ́ ẹ jẹ.

Àwọn mìíràn ní owó ló ń fà. Òótọ́ ni pé ẹnjiníà yóò gba owó, 42.5 sì lè wọ́n ju 32.5 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ògiri rẹ̀ là yóò san owó náà lẹ́ẹ̀mejì: ti àkọ́kọ́ tó ṣòfò, àti ti wíwó àti títún kọ́. Gbèsè kọ́pù kò sì ní dúró dè é.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀ka pinnu

Ní ti gbọ̀ngàn wa, a mú àbá wọ̀nyí wá síwájú yín.

Èkíní, a kò ní gba kọ̀ǹgílá kankan láìsí àwòrán tí ìjọba fọwọ́ sí àti ìwé òdiwọ̀n tí ẹnjiníà fọwọ́ sí.

Èkejì, kí a túmọ̀ ìwé òdiwọ̀n náà sí Yorùbá, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi iṣẹ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ń kọjá lè kà á.

Ẹ̀kẹta, kí a yan ènìyàn mẹ́ta: ẹnì kan láti ilé iṣẹ́ tó mọ bí a ti ń yẹ ọjà wò, awakọ̀ kan tó mọ ìwé ẹrù, àti ẹnì kan nínú àwọn ìyá wa tí kì í gba ẹ̀bùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn ni yóò gba ohun èlò wọlé, tí wọn yóò sì máa kọ ọ́ sínú ìwé kan lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹrin, ìpele ìpele ni kí a máa sanwó. Ìpìlẹ̀ tí a kò tíì yẹ̀ wò, a kò ní bò ó. Irin dẹ́kìn tí ẹnjiníà kò tíì kà, a kò ní da kọnkéré lé e. Ohun tí a bá ti bò mọ́lẹ̀, a kò lè yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí ohunkóhun padà, ìbáà jẹ́ alága wa, kí ó kọ ọ́, kí ẹnjiníà fọwọ́ sí i. Kò sí "ọ̀gá ló ní kí n ṣe é."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀, orí ìwé ni a gbé e kà. Nígbà tí àwọn aṣáájú wa bá bá agbanisíṣẹ́ jókòó, wọn kì í gba "a ó ṣe yín dáadáa" lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n máa ń ní kó kọ iye owó, iye wákàtí àti iye ọjọ́ ìsinmi, kó sì fọwọ́ sí i. Bí a ti ń ṣe fún owó oṣù wa ni kí a ṣe fún òrùlé orí wa.

Ẹni tó bá ń múra láti da ìpìlẹ̀ ní oṣù yìí, kó mú ìwé rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka kó tó pe típà yanrìn. A ó jọ kà á. Bí kò bá sì ní ìwé, kó mú bírò àti pépà wá, a ó jọ kọ ọ́.

Kí ẹgbẹ́ wa ó máa gbèrú sí i.